Ọbẹ̀ Tí Kì Í Rí Iná

Bí ẹ bá wà nídìí ìwakọ̀, ojú títì ni kí ẹ máa wò, etí nìkan ni kí ẹ fi bá mi lọ. Bí ẹ bá sì wà nílé ìdáná, ẹ fa rédíò mọ́ra, kí ẹ wá bírò àti bébà sítòsí, torí a ó ka síbí, a ó sì ka ife kí n tó dákẹ́.

Ọbẹ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í rí iná. Kò sí epo pupa nínú rẹ̀, kò sí irú, kò sí edé. Funfun ni, àwọ̀ ewé hàn lára rẹ̀, ó tutù lẹ́nu, ó kan, ó sì níyọ̀. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Houston àti Los Angeles mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé àwọn ará Mẹ́síkò tó ń ta oúnjẹ pọ̀ jọjọ níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń ta sórí taco, ìyẹn tortilla àgbàdo tí wọ́n ká mọ́ ẹran tàbí ẹja. Kíríìmù tó ti kan, ewé cilantro, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Crema ni wọ́n ń pe kíríìmù yẹn ní Mẹ́síkò, crema náà ni n ó sì máa pè é. Cilantro ni ewé tí àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń pè ní coriander, kí ẹ má baà ra nǹkan mìíràn lọ́jà.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ilé tó ń gbìyànjú ọbẹ̀ yìí máa ń sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Wọn á da ìdajì ìgò máyọ̀nísì sí i, wọn á bu ṣúgà sí i, wọn á pò ó títí á fi ki débi pé síbí lè dá dúró nínú rẹ̀. Wọn á wá tọ́ ọ wò, wọn á ní oúnjẹ òyìnbó kò ní láárí. Wọn ò béèrè kí ni wọ́n gbé e wá ṣe nínú àwo. Iṣẹ́ crema ni pé kó dá ata lóhùn. Kó tu ahọ́n lára, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rá ẹran sú ni, kó sì rin tortilla tó gbẹ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ ìgbà tó yẹ kó fi omi ọsàn kún un àti ìgbà tó yẹ kó jáwọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ata náà. Nígbà tí ata bá ń ta wá, kì í ṣe adùn ni ahọ́n ń gbọ́, ìrora ni. Èròjà kan wà nínú ata tí wọ́n ń pè ní capsaicin. Lára iṣan ahọ́n wa, ẹnu ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kéde pé nǹkan gbígbóná dé. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ṣí nìyẹn. Capsaicin mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láìsí iná kankan níbẹ̀. David Julius, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló rí ẹnu ọ̀nà yìí ní 1997, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2021. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń sunkún pé ẹnu òun ń jó kò purọ́. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Omi tí ẹ sáré fún un kò sì lè ṣe nǹkan kan, torí capsaicin kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Mílíìkì ní ọ̀rá, ó sì tún ní purotéènì kan tó ń jẹ́ casein, tó máa ń so mọ́ capsaicin tí á sì gbé e kúrò lórí ahọ́n. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ta crema sórí ẹran aláta, ó ti gbé ata àti ohun tí yóò pẹ̀tù sí i sínú òkèlè kan náà. Ẹ lè wá fi ata sí ẹran yẹn dáadáa láìbẹ̀rù, kí adùn ata tó fara sin lábẹ́ títa rẹ̀ lè jáde.

Àgbà ni ata nílẹ̀ Mẹ́síkò. Àlejò ni mílíìkì. Kí àwọn ọmọ ogun Sípéènì tó ṣẹ́gun Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec, ní oṣù kẹjọ ọdún 1521, kò sí màlúù ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, kò sí ewúrẹ́, kò sí àgùntàn. Àlùfáà ará Sípéènì kan wà tó ń jẹ́ Bernardino de Sahagún. Ó jókòó ti àwọn àgbà tó ń sọ èdè Nahuatl fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti àwọn akọ̀wé wọn sì kọ ìwé ńlá alápá 12, tí wọ́n parí ní nǹkan bí 1577. Ìlú Florence ní Ítálì ni ìwé náà wà títí dòní. Ó sọ nínú rẹ̀ nípa àwọn tó ń ta oúnjẹ lọ́jà àti oríṣiríṣi ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń tà: èyí tó ní tòmátì, èyí tó ní irúgbìn elégédé, èyí tó rọra ń ta, èyí tó ń ta burúkú. Ẹ ò ní bá mílíìkì nínú àwọn ọbẹ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ náà, àlejò ni. Éṣíà ni ilé rẹ̀. Nígbà ìrìn àjò rẹ̀ kejì ní 1493, Columbus kó màlúù àti irúgbìn oríṣiríṣi ọsàn dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti àti Dominican Republic wà lónìí. Ewé cilantro ńkọ́? Etí òkun Mẹditaréníà àti ìwọ̀ oòrùn Éṣíà ló ti wá. Wọ́n bá èso rẹ̀ nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì tó kú ní ohun tó lé ní 3,300 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọbẹ̀ yìí ló wọkọ̀ ojú omi dé Mẹ́síkò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ lónìí pé kì í ṣe ti ibẹ̀.

Àwọn kan náà sì ti ibẹ̀ gbéra wá bá wa. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Mẹ́síkò ló sọ koríko igbó kan di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ní agbègbè àfonífojì odò Balsas. Ibẹ̀ ni tàtàṣé ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni píà ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ tòmátì di ohun ọ̀gbìn. Ata rodo wa àti habanero tí àwọn ará Yucatán ń fọ́nnu sí, irú ata kan náà ni wọ́n; ẹkùn odò Amazon ni baba ńlá àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ní òun kì í jẹ oúnjẹ Mẹ́síkò, ẹ kó tàtàṣé, tòmátì àti àgbàdo kúrò nílé ìdáná rẹ̀, kí ẹ wo bí yóò ṣe se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ ilẹ̀ yẹn má baà bá mi wí. Ní Mẹ́síkò fúnra rẹ̀, crema lásán ni wọ́n sábà máa ń tà sórí oúnjẹ. Ẹni tó fẹ́ jẹun ni yóò fún ọsàn sí tirẹ̀, tí yóò sì bu cilantro àti àlùbọ́sà gígé lé e. Lílọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọbẹ̀ kan, àwọn ilé oúnjẹ apá Kalifóníà àti Texas ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Diana Kennedy, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé oúnjẹ Mẹ́síkò tó lókìkí ní 1972, tó sì gbé ní Michoacán títí ó fi kú ní 2022, kì í gba irú àdàlù báyìí láyè, ẹnu rẹ̀ sì mú. Èmi gbà á láyè. Ní Ensenada, létí òkun Baja California, níbi tí taco ẹja ti gbajúmọ̀, wọ́n ti ń po crema mọ́ máyọ̀nísì, tí wọ́n á sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ là á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Rubio jẹ irú taco bẹ́ẹ̀ ní Baja, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní San Diego ní 1983. Ṣọ́ọ̀bù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Amẹ́ríkà mọ taco ẹja àti ọbẹ̀ funfun orí rẹ̀.

Ó yá, ẹ mú bírò.

Kíríìmù ló ṣòro jù fún ẹni tó wà nílé níbí. Crema Mẹ́síkò máa ń ní ọ̀rá tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Sour cream tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, nǹkan bí 18 sí 20 ni tirẹ̀. Ẹ lè rí i ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá l'Ékòó àti n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ ó wo iye tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ ó sì rántí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni yúgọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà rárá. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí èyí tó pọ̀ jù nígboro ti ní ṣúgà, òmíràn tún ní fàníílà, ọbẹ̀ aláta sì kórìíra fàníílà. Nọ́nò tí àwọn Fúlàní ń tà náà ṣeé lò, bí ẹ bá mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ da ife méjì sínú aṣọ funfun tó mọ́, ẹ so ó kọ́ sórí abọ́ nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Omi rẹ̀ á ro sílẹ̀, ohun tó kù nínú aṣọ á tó nǹkan bí ife kan. Òun ni crema yín. Bí ẹ bá ní kíríìmù olómi tí kò ní ṣúgà, ẹ ro síbí ìjẹun méjì mọ́ ọn kó lè ní ọ̀rá díẹ̀ sí i.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé a ò kúkú lè lo mílíìkì inú agolo. Rárá o. Bí ẹ bá fún ọsàn sí mílíìkì tí kò tíì kan, casein inú rẹ̀ á dì mọ́ra wọn, omi á sì yà á sọ́tọ̀. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn Fúlàní bá ń ṣe wàrà, oje ewé bọmubọmu ni wọ́n ń fi sí mílíìkì gbígbóná kó lè dì. Omi ọsàn náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kíríìmù tàbí yúgọ́ọ̀tì tó ti kan, casein tirẹ̀ ti dì tipẹ́, ó ti dì wẹ́wẹ́ débi pé ojú kò rí i, ahọ́n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Omi ọsàn á dé bá a, kò sì ní rí nǹkan tuntun ṣe síbẹ̀.

Kíkan yẹn tún ṣe wá lóore mìíràn. Ní 1971, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Olíkóyè Ransome-Kútì tiwa, tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, wà lára wọn. Wọ́n wo bí inú àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba lactose, ṣúgà inú mílíìkì. Púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran, inú wọn gbà á. Nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, díẹ̀ kíún ni inú wọn gbà á. Nítorí náà, bí ife mílíìkì kan bá ń dà yín nínú rú, àìsàn kọ́. Bí wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Bakitéríà tó ń mú kí yúgọ́ọ̀tì kan ti jẹ lára ṣúgà yẹn, omi tó ro jáde nínú aṣọ sì tún gbé díẹ̀ lọ. Síbí kan tàbí méjì lórí oúnjẹ kì í sábà yọ ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí tirẹ̀ le, kó ní sùúrù, mo ní ọ̀nà tirẹ̀ níwájú.

Ó kan ewé. Ìdì cilantro kan tó kún ọwọ́ ti tó. Ẹ má ṣe já ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí ẹ wá ju igi rẹ̀ nù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lóòórùn gan-an, ó sì rọ̀ tó láti lọ̀. Ìsàlẹ̀ tó ti yi nìkan ni kí ẹ gé sọnù. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá fi aṣọ nù ún gbẹ. Omi tí kò kúrò lára ewé, inú ọbẹ̀ ni yóò jáde sí.

Àwọn kan wà tí cilantro máa ń dà bí ọṣẹ lẹ́nu wọn. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì rò pé ìgbéraga ni. Èròjà kan nínú ewé náà tí wọ́n ń pè ní aldehyde, irú rẹ̀ wà nínú ọṣẹ náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 tọ́ka sí apilẹ̀ àbùdá kan tó jẹ mọ́ bí imú ṣe ń gbọ́ òórùn, OR6A2, pé ó wà lára ohun tó fà á. Julia Child, obìnrin tó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní oúnjẹ Faransé lórí tẹlifíṣọ̀n, wà lára àwọn tó kórìíra ewé yìí, kò sì fi pa mọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ fi parsley àti ewé àlùbọ́sà dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń wo efinrin ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi efinrin sílẹ̀ fún ata yín. Òórùn rẹ̀ le ju ọbẹ̀ tútù lọ, yóò bo ọsàn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bí cilantro bá wọ́n ládùúgbò yín, ẹ ra odindi èso coriander tí wọ́n ń tà fún ohun èlò ọbẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kó là sí méjì, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á hù. Ooru kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó yọ òdòdó, nítorí náà ẹ gbìn ín síbi tí òjìji bá a lọ́sàn-án, kí ẹ sì máa gbin díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé ara wọn.

Ní ti ọsàn, inú mi dùn láti sọ pé ẹni tó wà ní Ìbàdàn jẹ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láyò. Ọsàn wẹ́wẹ́ wa, kékeré, oníhóró, eléèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbìn ní Colima àti Michoacán ní Mẹ́síkò fún oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn. Èyí tó tóbi tí kò ní hóró, tí wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní Veracruz, ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó lómi o, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó ti kékeré. Kí ẹ tó gé ọsàn, ẹ mú irin tí ẹ fi ń rin ewùrà, ojú rẹ̀ tó kéré jù, kí ẹ rin ara èèpo ọsàn kan lé e. Ara tútù nìkan o. Ẹ má kan funfun abẹ́ rẹ̀, torí ó korò. Inú èèpo tútù yẹn ni epo olóòórùn ọsàn wà. Omi inú rẹ̀ ń kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ lóòórùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fún omi, tí wọ́n á da èèpo nù, tí wọ́n á sì máa wá òórùn kiri.

Ẹ wá fún omi ọsàn méjì sínú abọ́ kékeré, kó tó síbí ìjẹun méjì. Ẹ mú ìdajì ọmọ áyù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ rẹ́ sínú omi ọsàn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó ń mú áyù tutù ta imú, ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ara rẹ̀, omi kíkan kì í sì í jẹ́ kó ráyè. Ẹni tó bá sọ áyù lásán sínú ọbẹ̀ yìí, áyù nìkan ni àlejò rẹ̀ yóò máa rántí di ọjọ́ kejì.

Ẹ kó cilantro, ata ṣọ̀mbọ̀ tútù kan tí ẹ ti yọ hóró rẹ̀, ìdajì síbí tíì iyọ̀, àti síbí ìjẹun mẹ́ta péré nínú crema sínú bílẹ́ńdà. Ẹ lọ̀ ọ́ títí ewé á fi kúnná. Bí iná ò bá sí, ọlọ á ṣe é. Òkúta ni àwọn ìyá Mẹ́síkò náà fi ń lọ ata, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni tiwọn, molcajete ni wọ́n ń pè é. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má da gbogbo crema sí bílẹ́ńdà ni pé abẹ rẹ̀ á fọ́ yúgọ́ọ̀tì yín di omi. Ẹ da ewé lílọ̀ náà sínú abọ́ tí ìyókù crema wà, kí ẹ fi síbí rò ó pọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú èèpo ọsàn tí ẹ rin.

Omi ọsàn àti áyù inú rẹ̀ ló kẹ́yìn wọlé, ó sì nídìí. Kíkan máa ń lé magnesium kúrò nínú ohun tó ń mú kí ewé tutù, àwọ̀ ewé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á di rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá ti da ọsàn pọ̀ mọ́ ewé láàárọ̀ fún àlejò tó ń bọ̀ lálẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní fani mọ́ra mọ́. Ẹ jẹ́ kó ku díẹ̀ kí ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹ da ìdajì omi ọsàn náà sí i, ẹ rò ó, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ tún da díẹ̀ sí i, ẹ tún tọ́ ọ wò. Kó ṣàn láti ẹnu síbí bí ẹ̀kọ mímu. Bí ó bá ṣì ki, ẹ fi omi tútù síbí kan là á. Ẹ má ṣe fi ọsàn là á, torí ọsàn ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí kíkan bá ti tó. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò lórí síbí, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan jù, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ jù. Ẹ má bẹ̀rù. Orí oúnjẹ ló ń lọ, oúnjẹ á gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò gba mílíìkì rárá, kó mú píà kan tó ti rọ̀ dáadáa, kó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú cilantro, ata, iyọ̀ àti ìdajì ife omi, kó wá fi ọsàn sí i. Ó tún ku ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn ju píà lọ. Ẹ bọ ata tútù bíi márùn-ún pẹ̀lú àlùbọ́sà kékeré kan àti áyù títí wọ́n á fi rọ̀, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù. Ẹ lọ̀ wọ́n ní bílẹ́ńdà, kí ẹ wá máa da òróró ìdajì ife sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí bílẹ́ńdà ṣì ń yí. Òróró àti omi ata á gbá ara wọn mú, á di ọbẹ̀ tó ki, tó sì ń dán, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á búra pé mílíìkì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù taco ní Texas ń ta irú rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni pé kò ní casein, ata rẹ̀ yóò sì bá yín jà.

Ibo ni ká wá tà á sí? Bí ẹ bá fẹ́ taco ẹja, ẹ gé ẹja funfun tí kò légungun sí gígùn-gígùn, ẹ tì í bọ inú fúláwà tí ẹ fi omi tútù pò, ẹ dín in, ẹ gbé e lé tortilla gbígbóná pẹ̀lú kábéèjì rírẹ́, kí ẹ ta crema sórí rẹ̀. Tortilla tòótọ́, àgbàdo tí wọ́n fi omi ẹfun òkúta sè kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni. Bí ẹ ò bá rí i, èyí tí wọ́n fi fúláwà ṣe kò burú, apá àríwá Mẹ́síkò náà ń jẹ ẹ́. Orí ẹ̀wà náà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ibi tó yẹ kí ẹni tó wà nílé ti bẹ̀rẹ̀, n ó ní orí àgbàdo, lásìkò òjò tí àgbàdo tuntun bá dé. Ní Mẹ́síkò, wọ́n máa ń fi crema tàbí máyọ̀nísì ra àgbàdo sísun tàbí bíbọ̀, wọ́n á wọ́n wàrà gbígbẹ oníyọ̀ lé e, èyí tó gba orúkọ ìlú Cotija ní Michoacán, wọ́n á bu ata gbígbẹ sí i, wọ́n á sì fún ọsàn lé e lórí. Elote ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àgbọn jẹ àgbàdo sísun, ẹ dán èyí wò lẹ́ẹ̀kan. Dòdò náà kò gbẹ́yìn: wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín pẹ̀lú crema ní Veracruz àti Tabasco, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti wọn kì í ní ewé nínú. Súyà nìkan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má tà á sí. Yájì ti ní ẹ̀pà nínú, àlùbọ́sà tútù tí wọ́n ń gé sí i ti ń tu ẹnu lára; kò pe ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ bò ó, ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ á yí díẹ̀, ìyẹn kò bà á jẹ́. Ẹ má gbé e sínú firísà, torí bí ó bá yọ́ tán, omi á yà kúrò lára rẹ̀, kò sì ní para pọ̀ mọ́. Bí ó bá ti wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa yìí, tàbí tí iná lọ láti àná tí fíríìjì sì ti gbóná, ẹ dà á nù. Bí ó bá sì jẹ́ pé síbí mẹ́ta péré ló kù nínú abọ́, ẹ rẹ́ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì sínú abọ́ náà, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ gbé e ti ìrẹsì.

Ohun tí mo ní lẹ́nu nìyẹn.